Ìwé Aláwòrán Tí Mo Yàn fún Khaleelah

Sàlíhù àbúrò mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà l'Ógbómọ̀ṣọ́? Ara mi le, ohun yòówù kí Nàfísà ọmọ mi sọ fún ẹ lórí fóònù.

Mo lọ ra ìwé fún Khaleelah ọmọ Nàfísà ní ọjà Adjamé níbí. Òǹtàwé ní kí òun bá mi yàn án. Mo ní, "Ṣé mo fọ́jú ni?" Èyí tí ìyá àgbà wà nínú ọkọ̀ ojú omi, tí ọmọdé ń juwọ́ sí i, ni mo mú. Mo máa ń sọ fún Khaleelah pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá náà ń lọ, yóò kó ẹ̀bùn bọ̀.

Ọmọ ti wá mọ Faransé kà báyìí. Lánàá ó ní, "Mémé," bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà níbí, "wọn ò kọ bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà yẹn kú ni." Mo ní irọ́ ni ìwé ń pa.

Jọ̀ọ́, bá mi wá ìwé ọmọdé ti Yorùbá, èyí tí ìyá àgbà inú ẹ̀ padà wálé. Má jẹ́ kí Nàfísà gbọ́.

Bá mi kí gbogbo ilé. Mo ní kí Khaleelah kí ẹ. Ó ní, "Mémé, ẹ̀yin ò ní wọ ọkọ̀ yẹn, àbí?" Mo ní kó kọ́kọ́ kí ẹ ná.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Mùkàrámà