Ọ̀rá Tó Lé Oòrùn Kúrò ní Ṣọ́ọ̀bù Mi

Àkọ́bí mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ò pọ̀ jù fún ọ? Àwa náà ń bẹ láàyè, à ń jẹ, à ń mu. Olúwa tó ń ṣọ́ ẹyẹ lórí igi á máa ṣọ́ ọ lókè ilé gíga yẹn, níbi tí o ní wọ́n ti ń fi àpótí onírin fà yín gòkè bí ẹrù.

Ọmọ mi, a ti ṣẹ́gun! Ṣó o rí i, látìgbà tí o ti bá mi ṣe gíláàsì gbàǹgbà síwájú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ni oòrùn ti sọ ibẹ̀ dilé. Aṣọ tí mo bá fi kọ́ á ṣá, oníbàárà tó bá jókòó á máa làágùn bí ẹni tó jalè, bàbá rẹ wá búra pé òun máa fi búlọ́ọ̀kù dí i pa. Bíríkìlà ti da yanrìn sẹ́nu ọ̀nà. Mo sunkún, torí gíláàsì yẹn ni gbogbo ìlú fi mọ̀ pé mo bímọ ire.

Ìgbà náà ni ọ̀rá dídán tí ń dí oòrùn, èyí tí o fi ránṣẹ́, dé. O ní kí n kàn gé e, kí n fi omi ọṣẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, ṣùgbọ́n ìwọ ò kọ́ṣẹ́ aṣọ, o ò mọ̀ pé ohun tuntun máa ń súnkì. Mo kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ kí àwọ̀ rẹ̀ má baà jáde, mo sá a, mo sì ṣẹ́ etí rẹ̀ kù sílẹ̀ yíká bíi ti aṣọ, kí a lè tú u bí gíláàsì bá sanra lọ́la. Bàbá rẹ ní ṣé gíláàsì máa ń sanra ni. Mo ní òun náà ò sanra nígbà tó fẹ́ mi. Mo wá fi rúlà onígi mi tẹ omi jáde, ó sì lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí.

Kíá ni ooru sá lọ. Àmọ́ ẹni tó wà níta ò rí aṣọ inú mọ́, ara rẹ̀ ló ń rí bí inú dígí. Mo ní mo gbé, ọjà ti bàjẹ́. Àfi bí olùkọ́ àgbà ṣe ń kọjá, ó dúró, ó ṣí eyín wò nínú gíláàsì, èmi náà ṣí eyín sí i láti inú, kó má baà ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́. Ó yí ẹ̀yìn padà, ló bá rí i pé ìdí ṣòkòtò òun ti ya. Ó fọwọ́ bò ó, ó sì wọlé wá. Látọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń kọjá tí kì í rí àléébù aṣọ ara rẹ̀. Bíríkìlà gan-an wá rán ṣòkòtò, ó sì kó yanrìn rẹ̀ lọ! Bàbá rẹ ti gbé àga wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun ń ṣọ́ gíláàsì wa, ibẹ̀ ló sì ń sùn títí di ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Oòrùn tí mo lé, ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ tó kọjú sí wa ló gbà lọ, onígbàjámọ̀ náà wá ń ṣẹ́jú pàkòpàkò bó ṣe ń fárí èèyàn. Mo ti lọ bẹ̀ ẹ́. Jọ̀ọ́, fi owó ọ̀rá tirẹ̀ náà ránṣẹ́, kí o fi owó òwú mi kún un, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ bi àwọn tó ń tà á pé bí àwa méjèèjì bá ń lé oòrùn síra wa, níbo ló máa sùn?

Bí o ṣe jẹ́ kí ara tù mí, ara á tu ìwọ náà. Ẹnikẹ́ni ò ní mọ ògiri dí ìràwọ̀ rẹ. Bàbá rẹ ti jí, ó ní àmín, ó sì ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ò sọ̀rọ̀ ògiri kankan rí.

Èmi ni, ìyá rẹ.