Bí Sìdíkàt Ṣe Kú, àti Ìwé Tí Mo Kà fún Àjàmú

                                        Agbo Ilé Alápó,
                                        Ìsàlẹ̀ Ọjà,
                                        Èjìgbò.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù karùn-ún, ọdún 1965.

Tàjùdíìnì, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara rẹ? Báwo ni Olúrántí ìyàwó rẹ, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tí o ní ó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́, ṣé òjò Ábíján kò sì dí iṣẹ́ lọ́wọ́? Fadékẹ́mi aya mi ní kí n kí ọ púpọ̀. Ọmọ wa tuntun ti ń jókòó fúnra rẹ̀. O kú ìrọ́jú, o kú aráfẹ́rakù. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a tún fi irú rẹ̀ kí ara wa mọ́.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. O ní Ọmọpẹ́ tí ó ti ilé padà sí Ábíján ni ó túfọ̀ Sìdíkàt àbúrò rẹ fún ọ, pé iná ni ó jó o, ṣùgbọ́n kò lè ṣàlàyé bí iná náà ṣe dé. O ní àwọn ará ilé kọ̀wé pé àmúwá Ọlọ́run ni, wọn kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. O wá ní kí èmi tí mo wà nítòsí sọ òótọ́ fún ọ. Tàjù, mo wà nítòsí ju bí o ṣe rò lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí tí mo ń fà á ya. Jọ̀wọ́, kà á tán kí o tó bínú.

O mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Bàbá Àjàmú ni mo ti ń ṣe akọ̀wé láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Òun nìkan ni aṣojú ilé-iṣẹ́ epo ní ìlú yìí. Epo òyìnbó tí ilé gbogbo fi ń tan àtùpà, títí dé Ara àti Ifẹ̀-Ọ̀dàn, láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń jáde. Bàbá kò mọ̀wé. Ìwé tí ilé-iṣẹ́ náà bá kọ, èmi ni mo ń kà á tí mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Nígbà tí ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, dírẹ́bà tí ó gbé epo wá fún wa mú ìwé kan lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ epo ní ìnáwó àwọn lórí epo ti dín kù, nítorí náà àwọn ti dín iye tí àwọn ń gbà lọ́wọ́ aṣojú kù, kí aṣojú náà sì dín in kù fún àwọn tí ń rà á lọ sílé. Ìgò kan tí a ń tà ní sísì, ìyẹn kọ́bọ̀ mẹ́fà, kọ́bọ̀ mẹ́rin ni kí a máa tà á. Wọ́n tilẹ̀ fi bébà gbàǹgbà kan sínú rẹ̀ tí wọ́n tẹ iye tuntun náà sí, pé kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

Mo kà á fún Bàbá. Ó ní kí n tún un kà. Ó wá béèrè bóyá ẹlòmíràn ti rí ìwé náà. Mo ní kò sí. Ó ní nígbà tí ọkọ̀ tí ó kó epo òun dojú dé lọ́nà Ìwó lọ́dún èṣí, tí epo ṣàn sínú igbó, kò sí ará ìlú kan tí ó bá òun pín àdánù náà. Kí ló wá dé tí òun yóò fi pín èrè fún wọn? Ó ní kí n ká bébà náà sínú àpótí ìwé. Ó ní nítorí ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí n máa gbé gálọ́ọ̀nù epo kan lọ sílé lóṣooṣù, lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo ká bébà náà. Mo gbé epo náà. N kò ní parọ́ fún ọ pé ó nira fún mi lọ́jọ́ náà. Mo sọ fún ara mi pé kọ́bọ̀ méjì kò lè pa ẹnikẹ́ni.

Láti ìgbà tí ọkọ Sìdíkàt ti kú, oko ẹ̀gẹ́ ni ó máa ń lọ láàárọ̀, tí ó bá sì di ọ̀sán, yóò jókòó ti iṣẹ́ fìlà tí ó ń fi abẹ́rẹ́ ṣe ọ̀nà sí. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí Iléyá ṣe ń sún mọ́, fìlà tí àwọn ènìyàn bẹ̀ ẹ́ kí ó ṣe pọ̀ débi pé ojúmọmọ nìkan kò tó o mọ́. Ọjọ́ méjì-méjì ni ó ń gbé ìgò rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kejì, bí mo ṣe ń wọn epo fún un, ó ní, “Bọ̀dá Jídé, wọ́n ní epo ti wálẹ̀ ní Òṣogbo. Ṣé tiwa náà kò ní í wálẹ̀ ni?”

Bàbá jókòó lẹ́yìn mi. Mo ní, “Irọ́ ni, Sìdí. Bí ó bá wálẹ̀, ṣé èmi ni n kò ní sọ fún ọ?”

Ó gbà mí gbọ́. Ìwọ ni o sọ fún un ní garéèjì lọ́jọ́ tí ò ń lọ, pé bí òun bá ti rí mi, kí ó ka ara rẹ̀ sí ẹni tí ó rí ọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó gbé ìgò rẹ̀, ó lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, a kò rí i ní ṣọ́ọ̀bù mọ́. Mo rò pé fìtílà elépo pupa ni ó ti padà sí, bí àwọn mìíràn ti ṣe. N kò mọ̀ pé àwọn kan ti ń gbé epo wá sí garéèjì, tí wọ́n ń tà á ní tọ́rọ́, kọ́bọ̀ mẹ́ta péré, fún ìgò kan. Àwọn tí apá wọn kò ká sísì ni wọ́n ń lọ rà á níbẹ̀. Wọ́n ti pa pẹtiróòlù pọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí ń rà á kò mọ̀. Bóyá ẹni tí ń tà á gan-an mọ̀, Ọlọ́run ló yé.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí Iléyá pé. Ọjọ́bọ̀ ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ìrun mágàríbì, Sìdíkàt sì ti rán Nímọ́tà ọmọ rẹ̀ kí ó lọ tọrọ omi ní ilé kejì. Bí ó ṣe ṣáná sí àtùpà báyìí, ó bú gbàmù sí i lọ́wọ́. Ìró ìbọn ni àwọn aládùúgbò pè é. Iná náà mú aṣọ lára rẹ̀, ó mú fìlà gbogbo tí ó tò sórí ẹní. Ìyá kan tí ń jẹ́ Joanna, tí ń gbé ní ọwọ́ òsì wọn, ni ó fi àpò tí ó rẹ sínú omi wé e mọ́ra. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ ẹrù kan tí ń lọ sí Òṣogbo, ó sì dé ilé ìwòsàn láàyè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo tó lọ wò ó. Iná kò kan ojú rẹ̀. Láti ọrùn lọ sí ìsàlẹ̀, n kò ní kọ ọ́. Ó dá mi mọ̀. Ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa, mo ní láti tẹ̀ sílẹ̀ kí n tó gbọ́. Ó ní, “Bọ̀dá Jídé, ẹ má bínú sí mi. Epo garéèjì ni mo rà. Apá mi ni kò ká sísì mọ́.”

Tàjù, àbúrò rẹ ń bẹ̀ mí. N kò sọ ti bébà inú àpótí náà fún un. Kò sí ẹlòmíràn nítòsí tí ìbá gbọ́, àwọn nọ́ọ̀sì wà ní òdì kejì. Mo kàn ní kí ó sinmi, pé ara yóò yá. Ó béèrè Nímọ́tà, mo ní ó wà lọ́dọ̀ ìyá yín. Ó pa ojú dé. N kò rí i láàyè mọ́. Ó kú ní ọjọ́ kejì Iléyá, kí oòrùn tó dé àtàrí, wọ́n sì gbé e wá sílé, wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà nítòsí ọkọ rẹ̀.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Fadékẹ́mi. Ó gbé gálọ́ọ̀nù tí ó wà nílé, ó lọ gbé e kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Bàbá, ó padà wálé, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí ọjọ́ ọjà pé, mo mú bébà náà jáde nínú àpótí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn, mo sì kà á ní Yorùbá fún gbogbo ẹni tí ó wá ra epo. Bàbá Àjàmú kò pariwo. Ó kàn na ọwọ́, ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Kí ọjà tó tú, ó ti ń sọ fún àwọn ènìyàn pé mo ń jí epo òun gbé lọ sílé lóṣooṣù. Ta ni mo fẹ́ bá jiyàn? Wọ́n ti ń rí mi pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù.

Bàbá Oyèbọ̀dé, àbúrò bàbá yín, ránṣẹ́ pe èmi àti Àjàmú sí agbo ilé yín. Àjàmú ní epo òun ni òun ń tà, òun kò fi ipá mú ẹnikẹ́ni rà á, àti pé kì í ṣe epo òun ni ó pa Sìdíkàt. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé irọ́ ni. Àwọn ará garéèjì tí ó ta epo ọ̀hún ti kó lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbọ́. Bàbá Oyèbọ̀dé wá yíjú sí mi.

Wọ́n ní, “Oníṣòwò ni Àjàmú, a sì mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ìwọ ńkọ́, Olújídé? A rán ọ lọ sí ilé-ìwé kí o lè máa bá wa kàwé.”

Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì jáde.

Nítorí ìlú ti gbọ́ ti bébà náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ta epo ní kọ́bọ̀ mẹ́rin. Lẹ́yìn náà Àjàmú ní ọkọ̀ kò kó ẹrù wá, ó ti ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí yóò fi ṣí i, ó ti padà di sísì, wọ́n sì ti ya bébà kúrò lára ilẹ̀kùn. Mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ epo lẹ́ẹ̀mejì. Wọn kò dá mi lóhùn. Àwọn ènìyàn ti ń rà á bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ń kúnlẹ̀ kí Àjàmú, wọ́n sì ń gbójú fò mí. Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Oko bàbá mi lọ́nà Ara ni mo wà báyìí, mo ń kọ ebè.

Fadékẹ́mi lọ bẹ ìyá yín pé kí wọ́n jẹ́ kí Nímọ́tà wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní rárá. N kò dá wọn lẹ́bi. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, ọmọ náà máa ń jáde lọ dúró níta lábẹ́ etí òrùlé, kò ní wọlé títí wọn yóò fi gbé àtùpà kúrò nínú yàrá. Inú òkùnkùn ni ìyá yín ń bá a sùn.

Bá mi kí Olúrántí, kí o bá mi kí Ọmọpẹ́ àti gbogbo ọmọ Èjìgbò tí ó wà lọ́hùn-ún. Bí ọ̀gá rẹ tí ẹ ń pè ní pátírọ́ọ̀nù bá fún ọ láàyè tí o sì wá sílé, mo wà nílé. Ohun tí o bá fẹ́ sọ sí mi, tàbí tí o bá fẹ́ fi ọwọ́ ṣe sí mi, n kò ní sá. Àwọn ará ilé yín ní kí n má kọ gbogbo èyí sí ọ, pé kí n jẹ́ kí ọkàn rẹ sinmi. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó ti Sìdíkàt rí tí n kò sọ ọ́.

Èmi tí ó ṣì ń pè ọ́ ní ọ̀rẹ́,

Olújídé.