Ọmọ Tí A Kò Kà

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òkè-Lísà, Oǹdó.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kejì, ọdún 2024.

Oyèbọ́lá ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ níbi àyẹ̀wò omi l'Ákùúrẹ́. Ṣé ara le? Ṣé oorun ń kún ojú? Èmi náà wà, àfi orúnkún mi tó ń ṣe bí ọ̀gá lé mi lórí.

Má bínú pé mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fẹnu sọ ni mo ṣe mú bírò, tí mo sì fi rán awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Kà á tán kí o tó fọwọ́ sí ìwé kankan.

Lánàá, inú rẹ ń dùn nígbà tí o sọ fún mi pé omi kànga ẹ̀yìn sitọ́ọ̀ kòkó àtijọ́ dára, pé lọ́jọ́ Ajé wọn yóò ká pákó orí rẹ̀ kúrò kí àwọn ọmọ iléèwé lè máa pọn ún. Mo bi ọ́ bóyá ẹ wo ti kẹ́míkà, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ páǹpù tí wọ́n fi ń fín kòkó. O ní, "Kò pọndandan, Màmá. Stephen tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wọ gbogbo ilé tó ń mu ún tẹ́lẹ̀, kò sí ọmọ tó kú níbẹ̀."

Oyèbọ́lá, ta ló sọ fún yín pé ohun tí èèyàn kò bá wí kò ṣẹlẹ̀? Stephen gbé fóònù ńlá rẹ̀ dání, ó ní kí abiyamọ ka iye ọmọ tó kú fún òun! A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, èyí tó wà láàyè pàápàá. Gbogbo wọn ní, "A dúpẹ́, ibi ò wọlé wa." Ó kọ òdo, ẹ̀yin náà sì gbà pé òdo ni. Ọmọ Oǹdó ni ọ́, ó yẹ kí o mọ̀.

Ọmọ méjì ló bọ́ mọ́ Oyèlékè aládùúgbò wa lọ́wọ́ kí wọ́n tó gbé pákó bo kànga náà lọ́dún tó kọjá. Èébì ló kọ́kọ́ dé, gìrì tẹ̀lé e. A ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́," ẹnikẹ́ni ò sì mẹ́nu kàn án mọ́.

Nígbà tí Stephen bi èmi náà bóyá mo pàdánù ọmọ rí, mo ní rárá. Gbogbo fọ́ọ̀mù tí o ń kọ ọ́ sí pé ìwọ ni àkọ́bí mi, kì í ṣe òótọ́. O ní ẹ̀gbọ́n kan, Adélaní. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Omi yẹn náà la ń mu nígbà náà, bó sì ṣe ṣe é nìyẹn, èébì àti gìrì. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n rèé tí mi ò pe orúkọ rẹ̀, ó sì ń dùn mí bí ẹni pé àná ni.

Mo ti lọ bá ọ̀gá iléèwé. Ó ní ìwé àwọn onímọ̀ lòun ń tẹ̀lé, pé kí n lọ sinmi. Ìwọ nìkan ló kù. Má fọwọ́ sí i, ẹ padà wá yẹ kẹ́míkà wò. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ta ló kú, ẹ̀gbọ́n rẹ ni kí o kọ́kọ́ kọ sílẹ̀.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ìmọ̀ rẹ pa ọmọ ọlọ́mọ. O ò ní fọwọ́ ara rẹ ṣe ohun tí ojú rẹ kò ní lè wò. Àmín.

Èmi ni,
Ìyá Adélaní àti Oyèbọ́lá.

Àfikún: Mo fẹ́ lẹ àpòòwé yìí ni mo gbọ́ pé Ọpẹ́olúwa, ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún Oyèlékè, ń bì láti àárọ̀. Ìròyìn yín ti dé àdúgbò, wọ́n ti ṣí pákó náà láti àná, wọ́n sì ti ń mu omi ibẹ̀. Mo wọ́ orúnkún mi débẹ̀, mo bi ìyá ọmọ pé kí ló dé. Ó dí ẹnu ọ̀nà mọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kò sí nǹkan kan, Mà. Ara ẹ̀ le."