Amọ̀ Tí N Kò Jẹ́ Kí Ó Gbẹ

Ìbarà,
Abẹ́òkúta.
14 Oṣù Kẹwàá, 1948.

Dìran, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara rẹ? Ṣé Wùnmí àti àwọn ọmọ wà ní àlàáfíà? Ṣé ikọ́ ti fi bàbá sílẹ̀? Ẹ kú òjò o. Tiwa níhìn-ín kò dáwọ́ dúró, inú rẹ̀ ni ìtìjú tí mo fẹ́ rò fún ọ ti bẹ̀rẹ̀.

Òyìnbó kan ń yẹ òkúta ẹfun ilẹ̀ wa wò, bóyá a lè fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Ó ní kí n bá òun ṣírò bí a ó ṣe po òkúta náà mọ́ amọ̀, kí igi ìdáná tí yóò sun ún má pọ̀, síbẹ̀ kí sìmẹ́ǹtì le dáadáa. Mo fi áljẹ́brà kún ìwé mẹ́rìndínlógún, títí mo fi rí ìwọ̀n kan ṣoṣo tí ó borí gbogbo ìyókù.

Ìyá Ṣéhù, àgbà amọ̀kòkò ní Kẹ́mta, ni ó ń ta amọ̀ fún wa. Lọ́jọ́ tí mo lọ wọ̀n ọ́n, kò dìde, kò kí mi, ó kàn ní, "Tíṣà, amọ̀ yìí ṣì mumi yó o. Ẹ jẹ́ kó gbẹ ná."

Mo ní, "Ìwọ obìnrin yìí, ìkòkò ni kí o máa mọ. Fi ìṣirò sílẹ̀ fún ẹni tí ó kàwé."

Dìran, mo pe ẹni tí ó tó ìyá mi í bí ní "ìwọ", lójú àwọn ìyàwó ọmọ rẹ̀!

Mo wọn amọ̀ náà ní tútù bẹ́ẹ̀. A sun àpòpọ̀ náà nínú ìléru, a lọ̀ ọ́, a fi mọ búlọ́ọ̀kù. Ní ọjọ́ kẹta ó wú, ó sì sán wẹ́wẹ́. Èmi ni mo sọ fún òyìnbó pé obìnrin náà po iyanrìn mọ́ amọ̀. Wọ́n lé e. Ọ̀rọ̀ náà dé ọjà Láfẹ́nwá, àwọn oníbàárà rẹ̀ kò sì ra ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Lọ́sẹ̀ tí ó kọjá, mo tún wọn ìṣù kan nínú amọ̀ náà, èyí tí mo fi tẹ ìwé mọ́lẹ̀ lórí tábìlì mi. Ó ti gbẹ, ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n rẹ̀ sì ti fò lọ. Omi ni mo wọ̀n tí mo pè ní amọ̀, amọ̀ kò sì tó nínú àpòpọ̀ náà. Ọmọdé lè ní aṣọ bí àgbà. Àkísà ni kò lè ní tó o.

Mo jẹ́wọ́ fún òyìnbó. Lánàá, mo dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀ àgbàlá Ìyá Ṣéhù, lójú àwọn ìyàwó kan náà. Ọ̀kan bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ̀wù funfun Tíṣà o!" Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Mo pẹ́ nílẹ̀ kí wọ́n tó wí pé, "Ẹ dìde. Ọjà ni ẹ ti bà mí lórúkọ jẹ́. Ọjà náà ni kí ẹ ti tún un ṣe."

Ọ̀la ni ọjọ́ ọjà. N ó ru ìkòkò wọn láti Kẹ́mta dé Láfẹ́nwá, ẹni tí ó bá sì bi mí léèrè, n ó dá a lóhùn.

Bá mi kí Wùnmí, kí o sì dọ̀bálẹ̀ kí bàbá fún mi. Má fi lẹ́tà yìí pa mọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ wa tí mo máa ń bá wí nítorí ìwà.

Èmi ni tìrẹ, tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ilé lẹ́ẹ̀kejì,

Herbert Adétáyọ̀