Ẹni Tí Yóò Bá Mi Jókòó De Oníṣẹ́ Gáàsì

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Ṣẹẹrẹ

Wọ́n ti lẹ ìwé mọ́ ògiri àtẹ̀gùn. Àwọn oníṣẹ́ gáàsì ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀, wọ́n fẹ́ yẹ ilé kọ̀ọ̀kan wò. Shahhat tó ń ṣọ́ ilé wa kà á sókè fún mi bíi lèmọ́mù: kí n kó ẹrù kúrò lábẹ́ sítóòfù, kí n má fi nǹkan dí ojú mítà. Wọn yóò fi ọṣẹ ra páìpù wò bóyá ó ń jò, wọn yóò tan iná wò, wọn yóò wo ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì mú omi gbóná ní balùwẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣílẹ̀kùn, wọn yóò ti gáàsì rẹ̀ pa. Nínú òtútù Alẹkisáńdríà yìí!

Ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí. Obìnrin tó ń dá gbé kì í ṣílẹ̀kùn fún ọkùnrin àjèjì láìsí ẹni tó bá a jókòó. Nígbà tí Fathi ọkọ mi wà láyé, òun ló ń bá wọn jà. Mo pe Shahira ọmọ mi ní Kuwait. Ó ní, "Màmá, oníṣẹ́ gáàsì ló ń bọ̀, kì í ṣe ọkọ ìyàwó." Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun wà níbi iṣẹ́, ó pa fóònù.

Ìṣẹ́gun, 9

Ta ni kí n bẹ̀? Tẹ́lẹ̀, n kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì — Doria ni, ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ayaba ni mo ń pè é, nítorí bó ṣe máa ń jókòó sí bàkónì bí ẹni pé bàbá rẹ̀ ló ni òkun. Opó bíi tèmi. Kò bímọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwo wà láàárín wa. Kí ọdún tó parí, mo gbé ìrẹsì tí mo fi mílíìkì sè fún un, mo wọ́n ẹ̀pà lé e lórí. Mo bá àwo mi lẹ́nu ọ̀nà — lófìfo. Ó mọ́ tónítóní! Nínú ilé yìí, kò sẹ́ni tó ń dá àwo padà lásán. Ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀, ohunkóhun. Ẹni tó bá dá a padà lásán ń sọ fún ọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Ó dáa, mo gbọ́. N kò kan ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́, òun náà kò kan tèmi. Kì í tilẹ̀ jáde sí bàkónì mọ́, kí ojú wa má baà pàdé. Ìgbéraga!

Mo ka orúkọ gbogbo ẹni tí mo mọ̀ nínú ọkàn mi. Púpọ̀ nínú wọn ti kú.

Ọjọ́rú, 10

Òjò, atẹ́gùn òkun. Mo fi omi gbígbóná wẹ̀ títí awọ ìka mi fi hunjọ. Omi yìí nìkan ló ń fọwọ́ kàn mí nísinsìnyí.

Ọjọ́bọ̀, 11

Nabawiya, ìyàwó Shahhat, ló bá mi jókòó níkẹyìn. Ó gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń pa ẹ̀gúsí yíyan jẹ.

Ẹnjiníà dé. Wagih lorúkọ rẹ̀, orí rẹ̀ ti funfun, ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́. Àlàájà ló ń pè mí — n kò tíì dé Mẹ́kà, ṣùgbọ́n n kò bá a jiyàn. Ó fi ọṣẹ ra gbogbo oríkèé páìpù: kò hó. Ó tan sítóòfù: iná búlúù. Ó ní, "Àlàájà, ilé ìdáná yín mọ́ ju ti ìyàwó mi lọ, ẹ má sọ fún un o." Inú mi dùn, mo ti ń bu tíì. Mo fẹ́ kó pẹ́ díẹ̀.

Ó wọ balùwẹ̀. Ó bi mí pé ibo ni páìpù èéfín ẹ̀rọ omi yọ sí. Mo ní inú kòtò afẹ́fẹ́ àárín ilé ni, níbi tí fèrèsé balùwẹ̀ gbogbo wa kọjú sí, bí ti gbogbo ènìyàn. Ó yọjú wò ó. Ó ní ìjì oṣù tó kọjá ti yí ẹnu rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. "Fèrèsé ta nìyẹn, tó ṣí sílẹ̀ lọ́kàn-án-kán rẹ̀?" Mo ní ti Doria ni. "Ṣé ara rẹ̀ le?" Mo ní ara rẹ̀ le, ìgbéraga nìkan ló ń ṣe é.

Nabawiya tu èèpo ẹ̀gúsí dànù. "Háà, Ìyá Shahira! Ẹ ò gbọ́ ni? Láti ìgbà ìjì yẹn lorí ti ń fọ́ ọ, tí òòyì ń kọ́ ọ. Ó tún wá le sí i. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Èmi ni mo fọ àwo yín, èmi ni mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Kò lè dìde. Mo rò pé ẹ mọ̀ ni."

A kan ilẹ̀kùn Doria, a kàn án, kó tó ṣí i. Ó ti rù, ó fọwọ́ ti ògiri. Wagih gbé ẹ̀rọ kékeré kan wọ balùwẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì figbe ta. Ó ní èéfín yìí kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó ń pani lójú oorun. Ó ṣí gbogbo fèrèsé tó kù. Ó bi í pé kí ló dé tí ti balùwẹ̀ fi ṣí nínú òtútù báyìí. Èmi ni Doria kọjú sí, ó forúkọ pè mí: "Insaf, ibo lo ti wà látìgbà yìí?"

Shahhat fi takisí gbé e lọ sílé ìwòsàn. Wagih tú páìpù mi, ó fi èdìdì di ẹ̀rọ omi. Kò mu tíì.

Jímọ̀, 12

Omi tútù. Ó tọ́ sí mi. Shahira pè — mo ní gbogbo nǹkan dára.

Àbámẹ́ta, 13

Nabawiya ní wọ́n ti fún Doria ní afẹ́fẹ́ mí, ó ti padà wálé. Mo dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo padà sẹ́yìn. Bó bá gbọ́ pé balùwẹ̀ mi ló fẹ́ pa á, ṣé yóò tún fẹ́ rí mi? Ẹnì kan ṣoṣo ló kù fún mi nínú ilé yìí.

Àìkú, 14

Mo kan ilẹ̀kùn. Kí n tó jókòó ni mo ti sọ ọ́: páìpù mi ni, omi wíwẹ̀ mi ni. Ó ní òun ti mọ̀, ẹnjiníà ti sọ. Ó ní kí n jókòó.

Mo bi í léèrè fèrèsé yẹn. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

"Ṣebí o máa ń sọ̀rọ̀ tí o bá ń wẹ̀? O ò wá mọ́. Mo ń ṣí i kí n lè gbọ́ ohùn ẹ."

Mo bi í pé kí ni mo máa ń sọ. Mo mọ̀ ọ́n, mo kàn bi í ni.

"Èébú! Ò ń fẹjọ́ mi sun Fathi lójoojúmọ́. Doria aláìmoore, Doria agbéraga." Ó rẹ́rìn-ín, ó wúkọ́. "Èmi á dùbúlẹ̀ síbẹ̀, màá ní, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ẹnì kan ṣì ń dárúkọ mi."

Mo sunkún. N kò sunkún báyìí nígbà tí Fathi kú.