Ọṣẹ Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Yèyé

Ẹ̀gbọ́n mi Folúkẹ́,

Irọ́ ni wọ́n pa fún yín. Ọjà mi kò tíì kógbá sílé, mi ò sì sá kúrò ní Òkè-Ìlá. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣọ́ọ̀bù ní títì, ọsibítù ni mo gbé Yèyé lọ. Ara wọn ti ń yá díẹ̀. Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ ní Jọ́ọ̀sì. Atẹ́gùn ṣí páànù ilé ìdáná, mo ti kàn án padà.

Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀gbọ́n mi. Nítorí ọ̀wọ́n ọjà, inú ọ̀rá kéékèèké ni mo ń wọn ọṣẹ ìfọṣọ sí, mo ń fi òwú pupa dì í. Mo máa ń ka àwọn oníbàárà tí kò já mi kulẹ̀, àwọn ìyá ìjọ wa ló pọ̀ jù. Lọ́jọ́ ọsibítù yẹn, mo wá ìró Yèyé lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọ̀rá olówùú pupa ló kún ibẹ̀. Mo bi Àǹtí Rẹ̀mí, ará ilé kejì, tó wà lára àwọn ìyá ìjọ náà. Wọ́n ní, "Akínbọ́lá, ta ló ń fọṣọ tó báyẹn? Yèyé ẹ ló ń rán wa wá rà á!"

Owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹ ń fi ránṣẹ́ ni Yèyé fi ń rà á. Mi ò ka ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, oògùn gan-an ni kí ẹ máa rà ránṣẹ́. Ẹ má sọ pé mo mọ̀. Ọlọ́run á dá wọn sí fún wa.

Láti ìgbà tí Yèyé ti dùbúlẹ̀, ẹnì kankan ò rajà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí láti yàrá bóyá ọjà tà lónìí. Mo ní ó tà gan-an.

Àbúrò yín,
Akínbọ́lá