Iyanrìn Etí Ọ̀sà Gonzagueville

Abobo Gare,
26 octobre 1988.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Mo gbàgbọ́ pé ara yín le, pé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín kò dí iṣẹ́ lọ́wọ́, àti pé Màmá náà wà ní àlàáfíà. Ara tèmi yá. Ọkàn mi ni kò tíì balẹ̀. Yorùbá ni mo fi kọ ìwé yìí kí ẹ lè fúnra yín kà á, kí ó má di pé Marcel àbúrò mi ń túmọ̀ rẹ̀ fún yín.

Bàbá, ẹ rántí pé mo mú yín lọ sí etí ọ̀sà, lẹ́yìn ibi tí ẹ ti ń mọ búlọ́ọ̀kù. Mo fi ẹyẹ kékeré kan hàn yín lórí esùsú, èyí tí àwọn olùkọ́ wa ń pè ní martin-pêcheur. Kò tóbi ju ọwọ́ ọmọdé lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí aṣọ aláró tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sá sóòrùn, àyà rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ọ̀fun rẹ̀ funfun, ẹnu rẹ̀ gùn, ó sì pupa bí ata. Ó mi orí lẹ́ẹ̀mejì, ó já sómi bí òkúta, ó gbé ẹja jáde, ó ń nà án mọ́ igi títí ẹja fi dákẹ́. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Ẹni kékeré yìí ń ṣiṣẹ́ ju àwọn lébìrà mi lọ."

Ẹ rí ihò wọn pẹ̀lú. Takọtabo ló jọ gbẹ́ ẹ sára ògiri iyanrìn etí omi náà, ó jìn ju apá mi lọ. Mo ṣàlàyé fún yín pé àwọn ni mo fẹ́ fi kọ mémoire, ìwé àṣekágbá mi ní yunifásítì, pé mo gbọ́dọ̀ máa ka iye ìgbà tí wọ́n ń gbé ẹja wọlé títí àwọn ọmọ wọn yóò fi jáde. Iwájú Màmá ni ẹ ti dá mi lóhùn: "Odette, títí àwọn ọmọ ẹyẹ rẹ yóò fi fò, ṣọ́bìrì kankan kò ní kan ibẹ̀." N kò ní kí ẹ búra. Ẹ̀yin ni ẹ sọ ọ́.

Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni mo fi jókòó níbẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kẹwàá, mo gbọ́ ohùn àwọn ọmọ nínú ihò, bí ẹni ń fi èékánná họ páànù. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, ẹ pè mí ní kùtùkùtù, ẹ ní ẹ̀gbọ́n yín, Tantie Nimotou, ń ṣàìsàn ní Abobo, pé kí n lọ tọ́jú wọn fún ọjọ́ mẹ́ta. N kò jiyàn. Mo wọ ọkọ̀ gbàkà méjì kí n tó débẹ̀. Mo bá Tantie lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ṣa àlùbọ́sà, ara wọn dá ṣáká. Wọ́n wo báàgì mi, wọ́n ní, "Ta ló sọ pé ara mi ò yá?" Nígbà tí mo ní ẹ̀yin ni, wọ́n ju àlùbọ́sà ọwọ́ wọn sílẹ̀. Wọ́n wá ní, "Máa padà lọ sílé, ọmọ mi. Máa lọ báyìí."

Agogo mẹ́ta ti kọjá kí n tó dé. Ọkọ̀ akóyanrìn ti lọ, ògiri iyanrìn náà ti di pẹrẹsẹ. Amidou, ọ̀kan nínú àwọn tí ń wa iyanrìn fún yín, ló wá bá mi. Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Òkú ọmọ ẹyẹ kan ló wà níbẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ kò tíì là. Ó ní, "Le vieux," bí wọ́n ṣe ń pè yín nìyẹn, "sọ fún wa pé wọ́n ti fò lọ." Ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi, bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ló ṣèlérí.

Mo mọ ìdí tí ẹ fi wa iyanrìn ọ̀sà yẹn. Iyọ̀ inú iyanrìn òkun máa ń ba búlọ́ọ̀kù jẹ́, ẹ sì ti ṣèlérí fún ìjọ pé búlọ́ọ̀kù ilé ìjọsìn tuntun yóò dé kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ká ní ẹ pè mí, kí ẹ sọ ọ́ fún mi, ǹ bá sunkún, ǹ bá bẹ̀ yín. Bí ẹ bá sì kọ̀, ǹ bá wà níbẹ̀.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọjọ́ Àìkú ló lé mi kúrò nílé. Olùṣọ́ ìjọ wa pe orúkọ mi, ó ní kí ìjọ dúpẹ́ lọ́wọ́ arábìnrin Odette, tí ó fi tinútinú yọ̀ǹda ibi ìwádìí rẹ̀ kí ilé Olúwa lè dìde. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Màmá Clémentine, tó jókòó tì mí nínú ìjọ, dì mọ́ mi. Mo wo ọ̀dọ̀ yín ní ìlà àwọn alàgbà. Ẹ ń ṣí ìwé orin, bẹ́ẹ̀ orin kò tíì kàn. Ìgbà náà ni mo mọ ẹni tó kó ọ̀rọ̀ yẹn sí olùṣọ́ lẹ́nu. Mo tẹrí ba fún ìjọ kí ojú má bàa tì yín. Nígbà tí a jáde, ẹ ní, "O ṣeun. Ọmọ gidi a máa bo àṣírí bàbá rẹ̀." Bàbá, ẹ gba àwọn ẹyẹ lọ́wọ́ mi, ẹ tún fi ẹnu mi sọ ohun tí n kò sọ.

Olùkọ́ mi ní kí n kọ ọjọ́ mẹ́rìndínlógún náà bó ṣe rí, kí n sì kọ ohun tó fòpin sí i. Mo kọ ọ́ pé wọ́n wa etí omi náà. Ó béèrè ẹni tó wa á. Mo ní n kò sí nílé lọ́jọ́ náà. Òótọ́ ni.

Ohun kan ni mo ń bẹ̀ yín fún. Ẹ lọ bá olùṣọ́ ní ẹ̀yin nìkan, ẹ sọ fún un pé Odette kò yọ̀ǹda nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí mo bá gbọ́ pé ẹ ti ṣe é, mo ń bọ̀ wálé. Bí ẹ kò bá ṣe é, n kò ní sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Tantie ni n ó máa gbé.

Kí Ọlọ́run wo ẹsẹ̀ yín sàn. Kí iṣẹ́ ọwọ́ yín má wó, kí ẹ sì pẹ́ fún wa.

Èmi ni ọmọ yín obìnrin, tí ó ṣì ń bọ̀wọ̀ fún yín,
Odette Ọlọ́runtóyìn.

Àfikún: Mo lọ sí etí ọ̀sà lánàá, n kò yà sílé. Ọ̀kan nínú àwọn ẹyẹ náà wà lórí òpó tí wọ́n so àwọ̀n mọ́, ó gbé ẹja sẹ́nu. Bí ẹyẹ yìí bá fẹ́ jẹ ẹja fúnra rẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ ni orí ẹja máa ń kọ sí. Bí ó bá ń gbé e lọ fún ọmọ, orí ẹja a kọ síta. Orí ẹja ti àná kọ síta. Mo dúró títí ó fi tó wákàtí kan, kò gbé e mì.